Híìtì Tí N Kò Kọ fún Búrọ̀dá Ràfíù

Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ dójú tì mí ní Ìkòtún. Ìlú Kétu ni mo ti wá, ní ilẹ̀ Dàhòmì, níbi tó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, tí Yorùbá sì jẹ́ èdè ilé àti èdè ọjà. Pẹ́ẹ̀nì là ń pe búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Mo lọ bá obìnrin kan tó pàtẹ ọjà sójú ọ̀nà Ìgàndó, mo kí i dáadáa, mo ní kó ta pẹ́ẹ̀nì kan fún mi. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó fa gègé ìkọ̀wé kan yọ nínú agolo, ó nà án sí mi.

"Kì í ṣe èyí, Ìyá. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni."

"O fẹ́ jẹ kí ni?"

Àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Àgànyìn ni. Ebi ìwé ló ń pa á." Mo san owó gègé náà, mo sì gbé ebi mi lọ.

Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ ni, n bá ti mọ̀ látilé pé n kò gbọ́ èdè wọn, ọkàn mi ì bá sì ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo gbé lọ sí Èkó. Mo rò pé ilé mìíràn ni mò ń lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló ń yé mi, títí kan ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi.

Owó epo rọ̀bì ti wọ Nàìjíríà nígbà náà, ariwo rẹ̀ sì ti kàn wá lára ní Kétu. Àwọn awakọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ máa ń sọ pé kò sẹ́ni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ àfi ẹni tó bá ń sùn. Mo rò pé àsọdùn ni. Nígbà tí mo dé, mo rí àpò sìmẹ́ǹtì tí òjò ti pa, tó ti di òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, táwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá ẹrẹ̀. N kò lè tẹ̀ ẹ́. Ní Kétu, ẹni tó bá ní sìmẹ́ǹtì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, inú yàrá tó ń sùn ni yóò kó o sí. Mo gba inú ẹrẹ̀ kọjá, àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi sì tún fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí kan ní Ìkòtún ni mò ń sùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kírun àsùbáà tán, ọkùnrin kan tó ga, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀, dúró lórí mi níbi tí mo ti ń ká ẹní mi.

"Níbo lo ti wá?"

"Kétu ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ta lo mọ̀ níbí?"

"Mi ò mọ ẹnì kankan."

"O ti mọ èmi báyìí. Gbé ẹrù ẹ, ká máa lọ."

Búrọ̀dá Ràfíù nìyẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Yàrá kan ṣoṣo ló ní, níbi tí òun, Sàláwà ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré ń gbé. Wọ́n fi aṣọ ìkélé pín yàrá náà sí méjì, wọ́n ní kí n tẹ́ ẹní mi sí apá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí onílé béèrè ẹni tí mo jẹ́, Búrọ̀dá Ràfíù kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn. Ó ní, "Àbúrò mi ni." Ojú tì mí lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìtìjú tó gbóná bí omi ìwẹ̀ ni, kò dùn mí.

Òun ló mú mi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ àwọn ará Améríkà kan ni, tí wọ́n ń la ọ̀nà láàrin oko àti igbó láti apá Ìgàndó. Òkúta ni Búrọ̀dá Ràfíù ń gbé níbẹ̀. Èmi náà fẹ́ gbé òkúta, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́, wọ́n fi mí sínú sítọ̀, lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Mísítà Wọ́kà. Gẹ̀ẹ́sì mi kò jọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán, Mísítà Wọ́kà á tò ó bó ṣe yẹ lẹ́nu ara rẹ̀, á wá dá mi lóhùn. Kò fi mí rẹ́rìn-ín rí. Ojú rẹ̀ ti ń di bàìbàì, ó mọ bí nǹkan ṣe ń rí fún ẹni tó ń táràrà.

Òun ló gbà mí láyè láti fi tẹlifóònù ọ́fíìsì pe ilé. Mo rán awakọ̀ kan sí ìyá mi pé kí wọ́n wá dúró ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kétu ní ọ̀sán Sátidé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba ìlà náà kọjá kí n tó gbọ́ ohùn ìyá mi. Ó ń wọlé, ó ń jáde, bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Lọ́dọ̀ ta?"

"Lọ́dọ̀ Búrọ̀dá Ràfíù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan."

"Ṣé ẹbí wa ni?"

"Rárá o. Mọ́ṣáláṣí la ti pàdé."

Ìyá mi ní, "Nígbà mìíràn tó o bá máa pè, mú un wá. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fúnra mi. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ tó máa ń nira fún mi jù. Kò síṣẹ́, n kò sì mọ ilé ẹnikẹ́ni tí n bá lọ. Ọjọ́ yẹn ni àwọn òyìnbó máa ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù, lórí pápá tí wọ́n fi kátápílà ro ní apá Ayọ̀bọ̀. Àwọn tó ń ṣeré lára wọn kò pé, nítorí náà wọ́n kọ́ díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́, Búrọ̀dá Ràfíù sì wà lára wọn. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré lọ sí igun kan tí wọ́n ń pè ní béèsì kìíní, kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù náà dé ibẹ̀. Láti ibẹ̀, á máa wá ọ̀nà àtilọ sí béèsì tó kù títí á fi yí pápá ká. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ ti áòtù, á jáde.

Bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù bá fi agbára gbígbá tirẹ̀ dé béèsì, wọ́n á kọ híìtì fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó dé béèsì ló ni híìtì. Bóyá ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù ló ṣe àṣìṣe. Bóyá ẹni tó ń sáré níwájú ló gba ojú wọn. Ẹni tó ń kọ sikọ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ eré, ló ní láti wò ó, kó sọ bó ṣe jẹ́. Mísítà Wọ́kà ni akọ̀wé sikọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dé òdìkejì pápá mọ́. Ó mú mi jókòó tì í lábẹ́ igi kajú, ó kọ́ mi.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Bí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn, òyìnbó àti dúdú, á yíjú sídìí igi kajú, wọ́n á ní, "Kí ló jẹ́?" Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé, wọ́n ń bi mí ní nǹkan, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àgànyìn lábẹ́ igi náà.

Nígbà tó yá, eré di nǹkan mìíràn. Ọ̀gá àgbà fẹ́ fi òṣìṣẹ́ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa gírédà, ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ́ ojú ọ̀nà. Àwọn méjì ló kù tí kò mọ èyí tí yóò mú: Búrọ̀dá Ràfíù, àti Sámúsìnì, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ẹ̀gàn, tó máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì wá sórí pápá tààrà, á bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, á fi kọ́ ẹ̀ka igi kajú. Ọ̀gá náà fẹ́ràn eré yìí ju oúnjẹ lọ. Ó ní ẹni tí híìtì rẹ̀ bá pọ̀ jù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò gun gírédà, bí wọ́n bá sì dọ́gba, ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni. Búrọ̀dá Ràfíù ló pẹ́ jù. Àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín. Àwa kò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó ń wa gírédà kì í gbé òkúta mọ́. Ẹ̀yìn ti ń ro Búrọ̀dá Ràfíù nígbà náà. Láràárọ̀, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń rọra dìde lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Híìtì Búrọ̀dá Ràfíù ló pọ̀ jù títí di ọjọ́ Àìkú kan. Ó ń sáré láti béèsì kìíní lọ sí ìkejì, Sámúsìnì ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Sámúsìnì la á mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bọ̀, ó sì ba Búrọ̀dá Ràfíù ní ojúgun. Rẹfirí ní Búrọ̀dá Ràfíù ti áòtù. Mo kọ híìtì fún Sámúsìnì. Bí wọ́n ṣe dọ́gba nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, Sàláwà ń fi omi gbígbóná tẹ ojúgun ọkọ rẹ̀. Búrọ̀dá Ràfíù ní kí n wá jókòó.

"Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Èmi ni bọ́ọ̀lù bà. Èmi náà lẹ lé jáde. Òun lẹ wá fún ní híìtì?"

"Òfin wọn ni, Búrọ̀dá. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá bá ba ẹni tó ń sáré níwájú kí ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù tó fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń sáré máa jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá a ò jẹ̀bi. Ara yín ló dínà bọ́ọ̀lù ẹ̀, a ò lè mọ ibi tí ì bá lọ. Wọ́n á kọ híìtì fún un."

"Bí bọ́ọ̀lù tèmi náà bá ba ẹlòmíì ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa ni híìtì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Sàláwà, o gbọ́? Ojúgun mi ni wọ́n fi se ọbẹ̀ fún Sámúsìnì." A jọ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo mọ nǹkan tí mo lè ṣàlàyé fún un nínú ilé rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn dé. Àwọn òyìnbó kan láti Ìkẹjà ni a bá ṣeré, àwọn ará Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá sì wá wò wá, wọ́n dúró yí pápá ká. Sámúsìnì gbá bọ́ọ̀lù kan tó fò kọjá orí gbogbo wọn. Híìtì tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni. Ó ti fi ọ̀kan ju Búrọ̀dá Ràfíù lọ báyìí. Ó wá ku ìgbà kan ṣoṣo tí Búrọ̀dá Ràfíù máa gbá. Bó bá gba híìtì, wọ́n á dọ́gba, òun ni yóò sì gun gírédà.

Lámídì, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ wa kan, wà ní béèsì kìíní. Búrọ̀dá Ràfíù gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀. Lámídì ki eré mọ́lẹ̀ lọ sí béèsì kejì, bọ́ọ̀lù sì kọjá lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bà á. Òyìnbó kan sáré jìnnà díẹ̀ kó tó mú un. Mo wo Búrọ̀dá Ràfíù. Kò tíì kúrò lójú kan. Ó ṣì di igi mú, ó ń wò. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Òyìnbó náà ì bá ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kìíní, ì bá sì rí i lé jáde wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n Lámídì ni ojú rẹ̀ wà lára. Ó jù ú sí béèsì kejì, ẹsẹ̀ Lámídì sì ṣáájú bọ́ọ̀lù débẹ̀. Búrọ̀dá Ràfíù náà dé béèsì tirẹ̀ láìsí wàhálà.

Ariwo sọ. "Híìtì! Híìtì!" Àwọn obìnrin ń fò sókè. Sàláwà gbé ọmọ wọn sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

Mísítà Wọ́kà fẹ̀yìn ti igi, ó ní, "Kí lo rí?"

Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó wá ní, "Ojú tìrẹ la fi ń wò ó. Kọ ohun tó o rí."

Ìlànà tó kọ́ mi kò ṣòro. Bí wọ́n bá lépa ẹni tó wà níwájú, tí wọn kò sì rí i lé jáde, kí n bi ara mi bóyá ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ì bá dé béèsì ká ní òun ni wọ́n lépa. Bí ì bá dé, híìtì ni. Bí kò bá ní dé, kì í ṣe híìtì, wọ́n kàn yan ẹlòmíràn ni. Mo kọ pé wọ́n yan ẹlòmíràn.

Búrọ̀dá Ràfíù wá bá mi lábẹ́ igi, òógùn bò ó, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. "Ṣé o ti kọ ọ́?"

N kò lè gbé orí sókè. "Kì í ṣe híìtì, Búrọ̀dá."

"Kì í ṣe kí ni?"

"Wọn ì bá lé yín jáde tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí. Lámídì ni wọ́n lépa."

"Ṣùgbọ́n wọn ò jù ú sí mi! Mo débẹ̀! Gbogbo ayé rí mi!"

"Ẹ débẹ̀. Àmọ́..."

Ẹnì kan kígbe láàrin èrò pé, "Àgànyìn! Ilé ta lo sùn mọ́jú òní?"

Gbogbo wọn ló mọ ilé tí mo sùn. Búrọ̀dá Ràfíù wò mí, ó wo èrò, ó sì kúrò níwájú mi. Sàláwà ti gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀.

Ká ní Búrọ̀dá Ràfíù bínú sí mi ni, ì bá sàn. Wọn kò sọ nǹkan kan fún mi nílé. Oúnjẹ mi wà níbi tó máa ń wà, aṣọ sì bò ó. N kò lè jẹ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ pé mo ti jẹun níbi iṣẹ́. Mò ń jáde kí wọ́n tó jí, mò ń rìn kiri títí wọ́n á fi jẹun tán. Nídìí omi, àwọn obìnrin á dákẹ́ bí mo bá dé. Ìyá onílé nìkan ló la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́: "Ẹni tó gbà ẹ́ sílé, ìlà kan ṣoṣo lórí ìwé, o ò lè fún un!"

Láti ojú fèrèsé sítọ̀, mo máa ń rí Sámúsìnì lórí gírédà. Bó bá ń bọ̀, àwọn tó ń gbé òkúta á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku á bò wọ́n. Mo máa ń rí Búrọ̀dá Ràfíù nínú eruku náà, tó gbé ọwọ́ bo ojú. Ohun tí mo kọ dá mi lójú, ó sì dá mi lójú títí dòní. Ìyẹn kò mú ìtìjú náà kúrò. Ọmọ ilé lè ṣe ohun tó dun ará ilé, wọ́n á bá a jà, yóò sì tún padà wá jókòó. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè ní àbúrò, n kò mọ̀ bóyá mo jẹ́ àbúrò tó bẹ́ẹ̀. Mò ń ronú láti wá yàrá sí Ayọ̀bọ̀, kí n kó jáde láìdágbére.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí awakọ̀ ará Kétu mú iṣẹ́ ìyá mi wá. Wọ́n ní àwọn máa wà nílé ìfìwéránṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí n má gbàgbé ẹni tí àwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Bó ṣe di àárọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Búrọ̀dá Ràfíù fi jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Búrọ̀dá. Ìyá mi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù."

"Nígbà wo?"

"Lọ́sàn-án òní. Tí kò bá rọrùn..."

Ó wọlé lọ. Lọ́sàn-án, ó jáde pẹ̀lú bùbá tó fi ń kí Jímọ̀ọ̀ àti fìlà tuntun, bí ẹni tó ń lọ kí àna. A jọ ń rìn lọ lójú ọ̀nà Ìgàndó. Ìrìn náà jìnnà, a sì ti kọjá àwọn oko ẹ̀gẹ́.

"O mọ ìdí tí mo fi dúró lọ́jọ́ yẹn?" ó béèrè lójijì.

"Rárá, Búrọ̀dá."

"Bọ́ọ̀lù yẹn dojú kọ Lámídì tààrà. Mò ń wò ó bóyá ó máa bà á. Ṣebí ìwọ lo ní tó bá bà á, híìtì ni fún mi?"

"Èmi ni."

"Nítorí ẹ̀ ni mo fi dúró. Mò ń sọ nínú mi pé, Ọlọ́run, jẹ́ kó bà á. Lámídì tí a jọ ń gbé òkúta." Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Ká ní mo sáré ńkọ́?"

Mo rántí ibi tí òyìnbó yẹn ti sáré lọ mú bọ́ọ̀lù. Mo lè purọ́ fún un. "Ẹ̀ bá ti dé kí bọ́ọ̀lù tó dé. N bá kọ híìtì."

Ó mi orí. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, a sì ń rìn títí a fi dé ọ́fíìsì Mísítà Wọ́kà.

Ìlà náà dára lọ́jọ́ yẹn. Mo kí ìyá mi, mo sì gbé tẹlifóònù lé e lọ́wọ́. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níbi tó dúró sí, bí ẹni pé wọ́n ń rí i. Mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi nínú rẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, fún ìyàwó, fún ọmọ, fún Ògbómọ̀ṣọ́ lódindi. Ó ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má dúpẹ́ mọ́, Ìyá," ó wí. "Kò yọ wá lẹ́nu rárá. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Kì í ṣègbè fún ẹnikẹ́ni."

Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ó na tẹlifóònù sí mi.

"Èèyàn dáadáa lo bá pàdé," ni ìyá mi wí. "Má dójú tì í o. Ṣé o gbọ́? Má dójú ti ọmọ èèyàn yẹn."

Mo fi tẹlifóònù mọ́ etí, mo ń wo ẹ̀yìn Búrọ̀dá Ràfíù. Wọ́n pè mí lórúkọ, ìlà sì já.

Búrọ̀dá Ràfíù ń dé fìlà rẹ̀ padà. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n bá àwọn kí ìyàwó yín."

"Wàá kí i fúnra ẹ. Ó ń bi mí pé kí lòun ṣe tó ò jẹ oúnjẹ òun mọ́." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Jẹ́ ká máa lọ, kó má tutù."

Mo tẹ̀ lé e délé. Sàláwà bu oúnjẹ fún wa sínú àwo kan náà, a sì jókòó tì í. Mo jẹ ẹ́ tán. N kò gbé ojú kúrò nínú àwo títí mo fi ṣan ọwọ́.